Ẹrù Èjìká

Ọ̀sán Sátidé ni, ní Suleja.
Iná ti lọ láti àárọ̀.
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìwé mímọ́ bàbá mi wà lórí itan mi,
èyí tó gbé ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Òkè Ọya
láyé tí rélùwéè ṣì ń rú èéfín.
Mo kà á dé ibi tí odi Jerúsálẹ́mù fẹ́ wó,
mo pa á dé.
Kò ní í wó lónìí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ owó-orí sínú ìwé ìjọba.
Mo mọ bí ìlú ṣe ń kú,
mo mọ èyí tó ń fi ìṣirò yè é.
Ẹ yá mi ní gègé.

Ká ní ọba Júdà san ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn,
ká ní kò wojú Íjíbítì,
ká ní obìnrin akọ̀wé kan wà láàfin, Meṣulémétì,
tó ń ṣa ṣékélì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà,
tí àwọn ìjòyè ń pariwo mọ́ ọn pé ikú yá ju ẹ̀sín,
tí kò gbójú sókè, tó ní:
"Ta ló bi òkú léèrè?"

Bábílónì dé, ó gba fàdákà, ó kọrí sílé.
Páṣíà dé. Wọ́n ṣí ojú ìwé tuntun.
Gíríkì gbé ère dé, wọ́n kí i káàbọ̀,
wọ́n ní kí ère dúró lẹ́nubodè, òòrùn ibẹ̀ dára fún òkúta.
Róòmù ní òun fẹ́ ka orí ènìyàn;
wọ́n kà á fún un,
wọ́n fi orúkọ ọmọ kan ṣoṣo pamọ́.
Ọmọ ta ni? Mi ò tíì mọ̀.
Meṣulémétì ti kú nígbà náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló di gègé mú,
ìka òun náà dúdú fún tàdáwà.
Fìtílà tẹ́mpìlì ò kú,
àmọ́ wọ́n ń wọn epo rẹ̀ ní ṣíbí.

Ibi tó ti dùn mí nìyí:
kò sẹ́ni tó sunkún lókèèrè,
kò sẹ́ni tó kọrin ilé.
Ìwé orí itan mi yìí ì bá fẹ́lẹ́ bí ìwé owó-orí,
bàbá mi ì bá má rù ú dé ibi kankan.

Ìlú tí mo jókòó sí yìí náà mọ ọgbọ́n ọ̀hún.
Àwọn ọba tí ogun lé kúrò ní Zaria
ká oyè wọn bí ẹní, wọ́n tún un tẹ́ síbí.
Òyìnbó dé, ó bá wọn lórí ẹní.
Ìjọba àpapọ̀ dé, ó ní òun ń wá olú-ìlú,
òun fẹ́ràn orúkọ wọn, Abuja.
Wọ́n bọ́ ọ fún un bí ẹni bọ́ agbádá fún àlejò.
Wọ́n wá òmíràn wọ̀.

Ìyá Shekwolo ń kọjá bọ̀,
ìdì igi léjìká, bí àwọn Gbagyi ṣe ń gbé e.
Oko ìyá rẹ̀ ti wà lábẹ́ ọ̀dà títì ní Abuja,
ó máa ń júwe ibi tí igi èmi wà fún mi,
ó ní báńkì ló wà níbẹ̀ báyìí.
Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo bi í pé kí ló dé tí kò rù ú lórí.
Ó fi Hausa dá mi lóhùn:
orí kọ́ ni wọ́n dá fún ẹrù.

Lónìí ó kàn bèèrè omi.
Ó mu ún lórí ìdúró, kò sọ igi kalẹ̀,
ó wo ìwé tí mo pa dé,
ó ní ṣé mo ti kà á tán ni.

Mo ṣí i padà.
Odi ti wó.